Ohun Tí A Rí Láìwá A

Ní Banifandou, ní apá àríwá ìlú Niamey, ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Zarma kò lè pe orúkọ àdúgbò náà kí ó má gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀: baani. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni àwọn Zarma fi ń dáhùn nígbà tí a bá kí wọn ní òwúrọ̀, tí a bi wọ́n léèrè ara, ilé àti ọmọ. Kò jìnnà sí àlàáfíà ti Yorùbá, tí ó kó ìlera ara àti ìbàlẹ̀ ọkàn pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá bi ará Banifandou pé ara ńkọ́, tí kò sì sí ibi tí ó ń dùn ún, baani ni yóò wí, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dàgbà sí àdúgbò yìí tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí kó sí wàhálà. Ọmọ Yorùbá ni. Bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà kó ẹrù wá sí Niamey láti tajà, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ àti ọṣẹ dúdú ní iwájú ilé. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé, Zarma àti Hausa ni ti òpópónà oníyanrìn tí ó wà níta, Faransé ni olùkọ́ fi ń bá wọn wí ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí kò sí owó láti tẹ̀ síwájú, èdè mẹ́rin yìí ni ó fi wá iṣẹ́, ó sì rí i: àwọn oníṣègùn kan tí ń ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé olóko ìrẹsì tí ó wà létí Odò Ọya gbà á ní ògbufọ̀.

Àrùn tí wọ́n ń wádìí ni èyí tí Yorùbá ń pè ní àtọ̀sí ajá, tí Hausa ń pè ní tsagiya. Orúkọ Yorùbá yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí àrùn náà kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ajá, kò sì bá àtọ̀sí tan. Aràn ni ó ń fà á. Inú ìgbín kékeré tí ń gbé inú omi tí kì í ṣàn púpọ̀ ni ọmọ aràn náà ti ń jáde, ó sì ń gba awọ ara wọlé sí ẹni tí ó bá tẹ omi náà, ìbáà ṣe ọmọdé tí ń lúwẹ̀ẹ́, ìbáà ṣe àgbẹ̀ tí ń gbin ìrẹsì. Àgbà aràn a máa gbé inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin rẹ̀ ni ó ń ha ara àpò náà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ìtọ̀ jáde. Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí aràn yìí ní Cairo ní ọdún 1851. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ tí ọmọkùnrin tọ̀ kì í ba àwọn òbí rẹ̀ lẹ́rù. Wọ́n ń wò ó bí àmì pé ọmọ ti ń di ọkùnrin. Oògùn rẹ̀, praziquantel, kò ṣòro láti lò. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ bí ibi tí aràn náà ti ṣe ti pọ̀ tó nínú ara ẹni tí kò ráhùn.

Ibí ni ẹ̀rọ ekografí, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sikáànù, ti wúlò. Kì í gé ara, kò sì ní ìtànṣán bíi ti èksíréè. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ó ń rán sínú ara, tí ó sì ń fi gbohùngbohùn rẹ̀ ya àwòrán. A lè gbé e sínú ọkọ̀, kí a so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, kí a sì gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi ní abúlé tí kò ní iná mànàmáná. Láti ọjọ́ 22 sí ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwọn onímọ̀ pàdé ní Niamey gan-an láti fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa fi ẹ̀rọ yìí wo àtọ̀sí ajá. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ wáyé ní Cairo ní ọdún 1990. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé tí ó ti inú ìpàdé Niamey jáde ní ọdún 2000, orúkọ ìlú náà sì ni àwọn olùwádìí fi ń pe ìlànà ọ̀hún títí di òní. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni orúkọ ìlú kan ní Sàhẹ́lì ń wọ inú ìwé ìṣègùn láìjẹ́ pé ìyàn tàbí àjàkálẹ̀ àrùn ni ó gbé e débẹ̀.

Ìlànà náà ṣe kedere. Ẹni tí a fẹ́ wò ní láti mu omi kí àpò ìtọ̀ rẹ̀ kún. A ó wo ara àpò náà, bóyá ó dán tàbí ó rí págunpàgun, bóyá ó nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, bóyá kókó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó gòkè lọ sí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà àti kíndìnrín méjèèjì. Bí kíndìnrín bá wú, kí ẹni náà lọ tọ̀ kí ó sì padà wá, nítorí àpò ìtọ̀ tí ó kún nìkan tó láti mú kí kíndìnrín ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá dàbí èyí tí ó wú. Ohun kọ̀ọ̀kan tí a rí ni ó ní máàkì tirẹ̀, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Báyìí ni ohun tí wọ́n rí ní Niger yóò fi ṣeé fi wé èyí tí wọ́n rí ní Íjíbítì tàbí ní Tanzania. Ìwé ìkọsílẹ̀ náà kún fún àpótí kéékèèké, àpótí kan fún ìbéèrè kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ pé àpótí ni wọ́n ní kí òun máa wò. Ibi tí a ti ń wo àpò ìtọ̀ obìnrin ni ilé ọmọ wà, ibi tí a ti ń wo kíndìnrín ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà àti àpò òróòro pẹ̀lú òkúta inú rẹ̀. Kò tilẹ̀ di dandan kí ohun tí a rí jẹ́ àrùn. Ó lè jẹ́ oyún, ó sì lè jẹ́ oyún inú ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti wà ní Abidjan láti ọdún kan.

Ní ọjọ́ kan, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé Niamey, obìnrin kan tí yóò tó ẹni ogójì ọdún dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Kíndìnrín òsì mọ́, ti ọ̀tún náà mọ́. Oníṣègùn náà ti fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò nígbà tí ó dúró, tí ó padà, tí ó sì tún ọwọ́ yí díẹ̀. Ohun róbótó funfun kan wà nínú ẹ̀dọ̀, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ìwé ìkọsílẹ̀ kò ní àpótí fún un. Oníṣègùn náà kọ gbólóhùn kan sí etí ìwé, ó sì sọ fún ògbufọ̀ ní Faransé pé: “Sọ fún un pé a rí nǹkan kan nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. A kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Kí ó wá sí Niamey kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.”

Gbólóhùn mẹ́rin péré. Ògbufọ̀ wo ojú obìnrin náà. Ó ti ń so aṣọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó tò sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níṣojú àwọn wọ̀nyí ni yóò ti sọ fún un pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò lórúkọ. Ní Zarma, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Yorùbá, “a rí nǹkan” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó fúyẹ́. Ẹni tí a bá sọ ọ́ fún lè ronú kan àwọn ọ̀tá rẹ̀ kí ó tó ronú kan ẹ̀dọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó sọ fún un pé: “Wọ́n ní kí ẹ wá kí dókítà àgbà ní Niamey nígbà tí àyè bá yọ̀.”

Obìnrin náà dúpẹ́. Ó ní baani. Ìrẹsì ti ń pọ́n lóko.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi yẹn kì í ṣe ti Niger nìkan. Ọjọ́ tí a ti bí ìmọ̀ wíwo inú ara ni ó ti mọ irú rẹ̀: Wilhelm Röntgen kò wá èksíréè nígbà tí ó rí i ní Würzburg ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, nǹkan mìíràn ni ó ń wádìí, ìmọ́lẹ̀ kan ni ó tàn níbi tí kò retí pé yóò tàn. Ní ọdún 1999, ìwé ìròyìn JAMA tẹ iṣẹ́ Katzman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n wo àwòrán MRI ọpọlọ 1,000 ènìyàn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí gẹ́gẹ́ bí aláìlárùn. Ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni wọ́n bá nǹkan tí wọn kò retí nínú ọpọlọ wọn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lọ rí oníṣègùn, ṣùgbọ́n ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ tiwọn gba kánjúkánjú. Ní ọdún 2007, Vernooij àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Rotterdam sọ ti ọpọlọ 2,000 àgbàlagbà. Ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ibì kan ti kú nínú ọpọlọ wọn nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀ tó, tí wọn kò sì mọ̀, ìdá 1.8 ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú bíi bàlúù.

Èyí tí ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti UK Biobank, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán inú ara àwọn ará Bìrìtìkó ní ọdún 2014, tí ó sì ka ẹni 100,000 pé ní ọdún 2025. Kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọ̀nà méjì wé ara wọn lórí 1,000 ènìyàn àkọ́kọ́. Ní ọ̀nà kìíní, onímọ̀ àwòrán jókòó ti gbogbo àwòrán, ó ń tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀nà kejì, ẹni tí ń ya àwòrán a kàn ké sí onímọ̀ bí ojú rẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ ohun tí ó burú. Ọ̀nà kìíní fura sí àrùn líle lára ẹni 179, ọ̀nà kejì lára ẹni 18. Nígbà tí wọ́n tọpa gbogbo wọn, 21 péré nínú àwọn 179 ni ó ní àrùn líle lóòótọ́, àti 5 nínú àwọn 18. Ọ̀nà kejì ni wọ́n mú. Ẹni tí ó bá sọ pé wọ́n fi ẹ̀mí àwọn kan tàfàlà kò jẹ̀bi; ẹni tí ó bá sì ka iye àwọn tí wọn kò sùn lóru nítorí ohun tí kì í ṣe nǹkan kò jẹ̀bi.

Àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ ti gbìyànjú láti la ọ̀nà. Ní ọdún 2008, Susan Wolf àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí a pín ohun àìròtẹ́lẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí mímọ̀ rẹ̀ yóò ṣe ẹni náà láǹfààní dájúdájú, tí a gbọ́dọ̀ sọ, èyí tí ó lè ṣe é láǹfààní, tí a lè sọ, àti èyí tí kò dà bí ẹni pé yóò ṣe é láǹfààní, tí kò yẹ kí a fi dààmú rẹ̀. Wọ́n tún ní kí ètò ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dùbúlẹ̀, kí a sì sọ ọ́ fún un nígbà tí a bá ń gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Henry Richardson àti Leah Belsky ti kọ ní ọdún 2004 pé ẹni tí ó bá gba olùwádìí láyè láti wo ara òun ti fi apá kan ìlera rẹ̀ sí i lọ́wọ́, àti pé ohun tí a bá fi síni lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí a lè sọ pé kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àbùkù kan ṣoṣo tí ìlànà ìlú olówó ní ni pé ó máa ń gbà pé dókítà kan wà ní òpópónà kejì tí ẹni náà lè mú ìwé rẹ̀ tọ̀ lọ. Ní abúlé olóko ìrẹsì, òpópónà kejì ni oko.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ẹni tí ó bá lọ dá Ifá a máa sọ ohun tí ó bá a wá sí owó tàbí sí ọ̀pẹ̀lẹ̀, kò ní sọ ọ́ sétí babaláwo. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni ó gbé wá. Odù yọ, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ó wà nílé. Babaláwo tí ó mọṣẹ́ kì í fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé kì í ṣe òun ni oníbèéèrè bi í. Ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ lásán bẹ́ẹ̀. Yóò fi ìbò wádìí bóyá ire ni tàbí ibi, yóò wádìí ohun tí a ó ṣe sí i, kò sì ní jẹ́ kí ẹni náà dìde kúrò lórí ẹní pẹ̀lú ẹ̀rù láìsí ẹbọ. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé ekografí di Ifá. Àmọ́ bí a bá fi ojú yìí wo gbólóhùn mẹ́rin ti oníṣègùn abúlé yẹn, a ó rí i pé ẹbọ kò sí níbẹ̀. “Kí ó wá sí Niamey” kò sọ ọ̀dọ̀ ta ni, kò sọ owó ta ni, kò fún un ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ògbufọ̀ rẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun mìíràn sì wà tí kò hàn sí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́jọ́ náà. Ní ojú àwọn ará abúlé, ẹ̀rọ náà ń rí gbogbo inú. Ẹni tí ó bá dìde lórí tábìlì láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kankan gbà pé wọ́n ti wo òun tán, òun sì mọ́. Kò mọ̀ pé àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín nìkan ni wọ́n wá wò. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ olùwádìí di baani fún un, ó sì gbé e lọ sílé.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí, nínú ọjà ńlá Niamey, ẹnìkan pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà láti ẹ̀yìn: “Ìwọ ọmọ ekografí!” Obìnrin náà ni. Ó gbé agbọ̀n lórí, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ni ó wà nínú rẹ̀.

“Mo lọ kí dókítà àgbà rẹ,” ni ó wí.

Ó ròyìn rẹ̀ láìgbé agbọ̀n sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìkórè ni ó tó wá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ìrẹsì wá sí ìlú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n bi í pé kí ni ó ń ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan, òun wá kí wọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè ìwé, kò ní ìwé. Ní ọjọ́ kẹta ni nọ́ọ̀sì kan ṣàánú rẹ̀, tí ó wádìí dé ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí, tí wọ́n sì rí orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan ní etí ìwé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó wé jọ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Àgùntàn kan ni ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́ nítorí àgùntàn. Obìnrin náà mi orí.

“Kì í ṣe ti àgùntàn. Oṣù mẹ́rin ni o fi gbé ọ̀rọ̀ mi sínú. O mọ ohun tí ó wà nínú mi, èmi kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá ti sọ fún mi ni, ẹ̀rù ì bá bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi ni ì bá jẹ́.”

“Ẹ má bínú, ìyá,” ni ó wí. Obìnrin náà ní òun kò bínú mọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ nítorí ọkọ̀ tí ó ń dúró dè é.

Ó sọ ọ́ fún oníṣègùn náà bí ó ti gbọ́ ọ, kò rẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e dé, wọ́n fi àpótí kan kún ìsàlẹ̀ ìwé ìkọsílẹ̀, wọ́n ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìwádìí, wọ́n sì ní kí àwọn ògbufọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa kà kí ẹnikẹ́ni tó dùbúlẹ̀: pé ẹ̀rọ yìí ń wo àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín, pé kì í rí ohun gbogbo, pé bí a kò bá sọ nǹkan kan, kò fi hàn pé kò sí nǹkan kan, àti pé kí ẹni náà sọ bí ó bá ń fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn tí a bá rí, ní òun nìkan tàbí níṣojú ẹni tirẹ̀.

Zarma àti Hausa ni wọ́n ní kí ó fi kọ ọ́. Yorùbá ni ó kọ́kọ́ fi kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò kà á fún ní àwọn abúlé wọ̀nyẹn. Ó jókòó sórí ẹní ní Banifandou ní alẹ́, ó ń kà á sókè kí etí rẹ̀ lè gbọ́ ibi tí kò ti dán. Ìyá rẹ̀ ń ṣírò owó ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ka “Bí a bá rí àìsàn mìíràn nínú yín,” ìyá náà gbójú sókè.

“Ṣé àìsàn ni ẹ rí ni, àbí nǹkan?”

“Nǹkan ni, màmá. A kì í tíì mọ̀ bóyá àìsàn ni.”

“Kí ló dé tí o fi ń pè é ní àìsàn kí ó tó jẹ́ ẹ?”

Ó fa igi lé e. Ó kọ “ohun tí a kò wá” dípò rẹ̀, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá rẹ̀ tẹ́tí títí ó fi kà á tán.

“Bí ẹni náà bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ ńkọ́?”

Ìyẹn kò sí nínú ìwé Faransé tí wọ́n fún un. Ó bi oníṣègùn náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Oníṣègùn náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní bí ó bá jẹ́ ohun tí ó lè pa á, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì wà, wọn yóò tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀ ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí ó dé ilé, ó ròyìn ìdáhùn náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní ó dára. Ó di owó ọjà mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

“Ìwọ ńkọ́?” ni ó wí. “Ṣé wọ́n ti wo tìrẹ?”

Kò tíì dùbúlẹ̀ sórí tábìlì náà rí.